Òórùn Bángà Lọ́wọ́ Baba Kékeré

Ọ̀rọ̀ náà ti ń dun aránṣọ láti ọdún tó kọjá, kò sì ṣetán láti gbàgbé ẹ̀. Lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò ń yin bángà, Baba Kékeré, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbélé, ju ọ̀kan sábẹ́ àga tí Dúdú, ajá aránṣọ, sùn sí. Ẹ̀rín ló fi ṣe o! Dúdú sá gba ẹnu géètì jáde, ó bọ́ sí títì, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbá a pa. Bí aránṣọ ṣe ń sunkún, ohun tí ọkùnrin yìí rí sọ ni pé, "Ìyàwó wa, ajá ni, kì í ṣe èèyàn. Ẹ ra òmíràn."

Ọlọ́run ò kúkú sùn. Lọ́dún yìí, Baba Kékeré náà ra ajá. Ẹ wá wo ìkẹ́! Ó ń fi bísíkíìtì bọ́ ọ, ó ń pè é ní ọmọ òun. Aránṣọ kàn ń wò ó níran ni.

Nígbà tí ọjọ́ bángà tún pé, ọlọ́gbọ́n yìí so ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹnu géètì, ó ní kí ariwo lè yára mọ́ ọn lára, lòun náà bá gba ìta lọ láti yin tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ajá fi já okùn. Aránṣọ ti ń ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ká ní ó jókòó jẹ́ẹ́ ni, ẹ̀san ìbá ti pé, àmọ́ ajá ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá ìránṣọ, ajá sì kó sábẹ́ tábìlì. Ó ti fèrèsé, ó fa kọ́tìnì tó nípọn bò ó, ó tan rédíò, ó da àjákù aṣọ sílẹ̀ kí ajá lè rí ibi forí pamọ́ sí. Kò fà á, kò fi dandan gbé e mọ́ra. Ó jókòó tì í, ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí ara ajá fi rọlẹ̀.

Nígbà tí Baba Kékeré máa kanlẹ̀kùn, omijé ti kún ojú rẹ̀. "Ìyàwó wa, ẹ ò bá mi rí ajá mi?"

Láti ọdún tó kọjá ni ìdáhùn ti wà nílẹ̀. "Ọkọ mi, ajá ni, kì í ṣe èèyàn. Ẹ ra òmíràn." Ó sì rọra tilẹ̀kùn.

Inú rẹ̀ dùn, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lójú títì tó ń bi àwọn awakọ̀ bóyá wọ́n gbá ajá, ó sì ń ránṣọ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ariwo bángà tán pátá ló tó pè é wọlé.

Baba Kékeré kúnlẹ̀, ó nawọ́ sábẹ́ tábìlì. Ajá gbóòórùn ọwọ́ ọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ aránṣọ.

"Bángà ń rùn lọ́wọ́ yín," aránṣọ wí. "Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó padà wá. Ajá ò jáde. Ó tún lọ fọ̀ ọ́. Aránṣọ ń rán kọ́là ẹ̀wù kan lọ ní tirẹ̀, kò sọ fún un pé bángà ń rùn lára ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ náà.