Wáyà Ìsáṣọ

"Fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ń pè mí."

Alágbàfọ̀ kò fi ìyá ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbá a mú níbàdí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ara ògiri. Nínú òjò, láàárín àgbàlá, ọkọ rẹ̀ nà gbalaja sínú omi, aṣọ oníbàárà ṣì wà láyà rẹ̀, ó ń kérora.

Ìjì ló kó bá wọn. Bí ojú ọjọ́ ṣe ṣú ni ọkọ sáré jáde lọ ká aṣọ, nítorí aṣọ oníbàárà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi òjò ṣeré lé lórí. Kò tíì ká ìdajì tí atẹ́gùn fi já wáyà iná lára òpó, tó sì sọ ọ́ lé wáyà ìsáṣọ tí ọwọ́ ọkọ wà lára rẹ̀, iná sì gbé e. Okùn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi irin pààrọ̀ rẹ̀, torí pé aṣọ ìbora tó tutù ń já okùn. Èrò yẹn ń gún un lọ́kàn báyìí.

Ó ti pa súìsì ńlá tó gbé iná wọlé, ṣùgbọ́n ojú títì ni iná yìí ti wá, wáyà náà ṣì ń ta pàrà. Ó ti pe ilé iṣẹ́ iná. Wọ́n ní àwọn ń pa á lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ ibẹ̀. Aládùúgbò wọn tó jẹ́ oníṣẹ́ iná ń ké láti òdìkejì ògiri pé omi ilẹ̀ yẹn nìkan tó pa èèyàn.

Ta ló fẹ́ sọ ìyẹn fún ìyá? Ìyá tí kì í lè gbé korobá omi ń fà á bíi màlúù.

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo bí i, o ò ní dúró máa wò ó."

"Ọkọ mi ni, mà. Tí ẹ bá débẹ̀, òkú méjì la máa gbé."

Ìyá bù ú jẹ lápá. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Alágbàfọ̀ ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, kò tú ọwọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkérora dákẹ́. Ẹsẹ̀ alágbàfọ̀ gan-an fẹ́ sáré lọ nígbà náà. Ó kórìíra ara rẹ̀ pé òun dúró.

Nígbà tí iná kú, oníṣẹ́ iná kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná lórí fóònù bóyá wọ́n ti pa iná náà lóòótọ́ kó tó fo ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó ń tẹ àyà ọkùnrin náà títí tó fi wúkọ́, tí èémí díẹ̀ sì wọlé.

Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ aládùúgbò mìíràn láti sáré lọ sílé ìwòsàn. Oníṣẹ́ iná jókòó tì í, kí ó lè máa tẹ àyà rẹ̀ bí èémí bá tún dá. Ààyè ẹnì kan péré ló kù. Alágbàfọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kó tó bojú wẹ̀yìn rí ìyá, tó dúró sínú òjò, tí kò tilẹ̀ béèrè pé kí wọ́n gbé òun.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gbé ìyá wọlé.

"Ẹ dì í lọ́wọ́ mú báyìí, mà," ni ó wí. "Ẹ má fi í sílẹ̀."