Àga Onítìmùtìmù Alhaji Gbádérọ̀

Láti Agbowó títí dé Challenge ni Ọmọ́fẹ́ ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì kọjá Bódìjà, ọ̀rọ̀ náà ṣì gùn jù. Nígbà tó dé Ring Road, ó ti gé e kúrú. Nígbà tó fi máa bọ́ọ́lẹ̀ níwájú ilé ìtajà ọ̀dà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Alhaji, dókítà ní jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú."

Kì í ṣe àìsàn náà nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Obìnrin kan tí wọ́n jọ dúró de dókítà sọ fún un pé ọjọ́ tí òun fi tó ọ̀gá òun létí gan-an ni wọ́n ní kí òun máa lọ sinmi nílé, ìsinmi náà ló sì di títí láé. Ọmọ́fẹ́ kò fẹ́ sinmi títí láé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ dé ibi pé tó bá ń rìn lójú títì, ògiri ilé ló máa ń wò, kì í wo èèyàn. Ìyá Aláwọ̀ ni gbogbo àwọn akunlé tó ń ra ọjà níbẹ̀ ń pè é. Ìbáà ṣe ìyeyè tí oòrùn ti pa, ìbáà ṣe àwọ̀ eérú tí búlúù díẹ̀ sá pamọ́ sí lábẹ́, Ọmọ́fẹ́ á tẹjú mọ́ ọn, á sì sọ ohun tí wọ́n máa pò pọ̀ tí wọ́n á fi rí irú rẹ̀.

Alhaji Kabir Gbádérọ̀, tó ni ilé ìtajà náà, ń mu tíì lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Wọ́n gbọ́ gbólóhùn náà, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ o. Ẹkún náà le débi pé Islamiyat, ọmọge tó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn níwájú, sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Ta ló kú?" ló ń bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú," Ọmọ́fẹ́ dáhùn. Ó wá di pé ẹni tí ara rẹ̀ ò yá ló ń rẹ ẹni tí ara rẹ̀ le lẹ́kún.

Nígbà tí Alhaji nu ojú wọn tán, wọ́n ní, "Gbọ́ mi, Ọmọ́fẹ́. Iṣẹ́ rẹ ò lọ ibì kankan. Owó oṣù rẹ ò ní yẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ nílé ìwòsàn, lọ. Níwọ̀n ìgbà tí èmi bá wà láàyè, kò sẹ́ni tó máa lé ọ kúrò níbí."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹnu géètì ni Ọmọ́fẹ́ ti ké sí Olúdọ̀tun, ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò. "Wọn ò lé mi!" Ọkùnrin tí ẹ̀yìn ti ń dùn láti ọjọ́ mẹ́ta gbé e sókè bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fa oògùn sí i níṣan, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní kímò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sórí ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó fá èyí tó kù, ó wé gèlè pupa kan mọ́ orí, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Àga kan ti ń dúró dè é ní ọ́fíìsì Alhaji, lábẹ́ fáànù. Onítìmùtìmù ni, apá rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi wúrà, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé tọkọtaya jókòó lé.

"Ibẹ̀ ni kó o máa wà," Alhaji wí, inú wọn ń dùn.

"Kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀, sà?"

"Kó o máa jókòó."

Alhaji ti pàṣẹ fún gbogbo ilé. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Kí wọ́n pa rédíò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó máa bí Ọmọ́fẹ́ nínú. Ìbẹ́pẹ ń dé láàárọ̀, bàrà olómi lọ́sàn-án, kárọ́ọ̀tì tí ọjọ́ bá rọ̀. Islamiyat, tó jẹ́ pé kí aago mẹ́sàn-án tó lù ló ti máa ń ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ ní Olúyọ̀lé, kàn ń kan ilẹ̀kùn báyìí, á kúnlẹ̀ kí i, á sì yọ́ rìn jáde. Àwọn akunlé tó mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́ ń kí i pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Èyí tó wá burú jù ni ti Nasrullah. Òun ló ń po ọ̀dà, ọkùnrin tó lágídí ni, kò sì sí ọjọ́ tí òun àti Ọmọ́fẹ́ kì í jiyàn lórí àwọ̀. Ó wá di pé gbogbo ohun tí Ọmọ́fẹ́ bá sọ ló ń gbà. Lọ́jọ́ kan, Ọmọ́fẹ́ dán an wò. Ó ní, "Nasrullah, ṣé o mọ̀ pé omi ọsàn àti elésè àlùkò, àwọ̀ kan náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí," Nasrullah dáhùn.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ba Ọmọ́fẹ́ gan-an.

Nígbà tó di Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn kímò kejì, ó gbọ́ ohùn obìnrin kan níwájú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Bódìjà ni. Ọ̀dà tó rà ní sáà tó kọjá kò ká ògiri rẹ̀ tán, èyí tí wọ́n sì tún pò fún un kò bá ti àkọ́kọ́ mu. Ìgbà kẹta rèé tó ń padà wá. Inú ti bí i débi pé ó gé èérún ògiri náà, ó dì í sínú ọ̀rá wá.

"Kọ̀ǹpútà ló yan àwọ̀ yẹn, mà," Nasrullah ń sọ. "Kò sí ìyàtọ̀."

"Ṣé ojú mi ló fọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra sọ̀rọ̀," Islamiyat bẹ̀ ẹ́ wúyẹ́wúyẹ́. "A ní aláìsàn nínú ilé."

Aláìsàn. Ọmọ́fẹ́ wo àwo ìbẹ́pẹ tó wà lórí itan rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó dìde, ó gba iwájú Alhaji kọjá. Ó kí obìnrin náà, ó gba èérún ògiri lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e jáde sínú oòrùn kó lè rí i dáadáa.

"Ọmọ́fẹ́! Oòrùn!" Alhaji sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòjò. "Padà wá jókòó!"

"Alhaji, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, sà. Ẹ ò lé mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí yín. Àmọ́ tí mo bá jókòó sórí àga yẹn di ọjọ́ Jímọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa lé ara mi. Gbogbo nǹkan lẹ ti ṣe fún mi. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹ ò bi mí ní nǹkan kan rí."

Alhaji dúró sójú kan, agbòjò wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn akunlé méjì tó ń dúró de ọjà wọn ti yíjú wá pátápátá.

"Kí ni kí n bi ọ́?"

"Ẹ bi mí pé kí ni mo lè ṣe lónìí."

Alhaji wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dìde kàwé sókè. Wọ́n húkọ́. "Ó dáa. Kí ni o lè ṣe lónìí?"

"Mo lè wo àwọ̀. Mi ò lè gbé garawa, dókítà sì ti kìlọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn kímò, ẹ má retí mi. Tó bá ti di ọjọ́ kẹrin, ẹ lè pè mí lórí fóònù, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni kí ẹ bá mi sọ. Ẹ má bi mí bóyá mo ti jẹun, ọkọ mi ń bi mí nígbà mẹ́wàá lóòjọ́. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí, màá sọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, sà, kí wọ́n tan rédíò."

"Ìbẹ́pẹ ńkọ́?" Alhaji bèèrè pẹ̀lú ohùn kékeré.

"Ìbẹ́pẹ ti tó, sà."

Ọ̀kan nínú àwọn akunlé náà bú sẹ́rìn-ín, ló bá ran gbogbo wọn. Alhaji fẹ́ mójú le, kò ṣeé ṣe.

Wọ́n gbé tábìlì kan síta lábẹ́ ìbòòji, níbi tí òórùn ọ̀dà kò lè dé. Ọmọ́fẹ́ yí èérún ògiri náà lọ́wọ́. "Kọ̀ǹpútà ò jẹ̀bi," ó wí. "Àwọ̀ ìgbà tí wọ́n kùn ún ló ń pò. Oòrùn sáà kan gbáko ti pa èyí lára, ọwọ́ àwọn ọmọ sì ti kàn án. Nasrullah, kán àwọ̀ ilẹ̀ sí i, ẹ̀kán mẹ́rin."

Nasrullah wọlé, ó pò ó, ó kùn ún sára páálí, ó jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ fáànù kó tó gbé e jáde. Ó dúró, ó ń họ orí.

"Àǹtí, ẹ̀kán mẹ́rin ti pọ̀ jù. Mẹ́ta ni."

"Mẹ́rin ni."

"Mẹ́ta ni! Ẹ wò ó dáadáa! Ojú yín ò mọ́lẹ̀ lónìí rárá!"

Islamiyat fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ́fẹ́ wo Nasrullah, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè láti ikùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Gèlè rẹ̀ bọ́, orí rẹ̀ tó fá ń dán nínú ìmọ́lẹ̀, kò sì mú un títí ó fi rẹ́rìn-ín tán.

"Ó ti lé lóṣù kan tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan kan," ó wí, ó ń nu ojú. "Ó yá, lọ pò ó ní mẹ́ta ká wò ó."

Nasrullah ló jàre. Obìnrin Bódìjà náà gbé páálí ti èérún ògiri, ó wá ojú ààlà wọn títí, kò rí i. Ọmọ́fẹ́ délé, ó ní, "Olúdọ̀tun, Nasrullah borí mi lónìí!" ó sì ń jó yí ọkọ rẹ̀ ká. Olùkọ́ ìṣirò ò mọ ibi tí ayọ̀ yẹn ti wá, àmọ́ òun náà bá a jó.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn bẹ́ẹ̀. Kímò kẹrin dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un lẹ́yìn kímò náà ní ìrora tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àwọn kímò yòókù, tí ọjọ́ kẹrin bá ti pé, ohùn Islamiyat á wọlé sórí fóònù: "Àǹtí, ilé tó wà létí omi ní Ẹlẹ́yẹlé, àwọ̀ wo la fi kun fèrèsé rẹ̀?" Ìbéèrè náà kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ, òfófó tó máa ń tẹ̀ lé e á tó mẹ́fà. Alhaji fi bírò pupa kọ gbogbo ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Tí oníbàárà bá bèèrè rẹ̀, wọ́n á dáhùn sókè láìfi bò, "Ìyá Aláwọ̀ lọ gba ìtọ́jú, ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀."

Nígbà tó yá, dókítà ní òun kò rí àmì jẹjẹrẹ náà mọ́, kó kàn máa wá fún àyẹ̀wò lásìkò. Ọjọ́ tí Ọmọ́fẹ́ mú ìròyìn yẹn dé Challenge, Alhaji ní kí wọ́n lọ ra mọ́ínmọ́ín àti ohun mímu tútù fún gbogbo òṣìṣẹ́. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń yọ̀, nígbà tí Jóṣúà, awakọ̀ tó ń kó ọjà lọ sí ẹ̀ka wọn ní Moniya, dìde. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń tọrọ àyè ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn.

"Alhaji," ó wí, "ẹ̀gbọ́n mi tí mo máa ń lọ wò yẹn..."

Alhaji gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ṣé kò sí o?"

"Rárá, sà. Mi ò ní ẹ̀gbọ́n. Èmi ni àkọ́bí." "Èmi ni wọ́n ń tọ́jú. Jẹjẹrẹ ni, irú èyí tó máa ń mú àwa ọkùnrin tá a ti ń dàgbà. Ẹ̀rù ló bà mí tí mi ò fi sọ."

"Àmọ́ mo ń ṣàdúà fún un!" Alhaji kígbe. "Lẹ́yìn ìrun! Mo ń dárúkọ rẹ̀! Kí lo ní ó ń jẹ́?"

"Sámúẹ́lì, sà."

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń ṣàdúà fún Sámúẹ́lì!"

"Ẹ má bínú, sà. Àdúà náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn dókítà ní ara mi ti ń bọ̀ sípò."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ mú kí àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Alhaji ṣí fìlà, ojú wọn sì ti kún fún omi. Ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n sunkún, wọ́n fa àga sún mọ́ Jóṣúà, wọ́n mú bírò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ọjọ́ tó ń lọ, iye garawa tó lè gbé, àti bóyá ìrìn Moniya kò jìnnà jù fún un. Ọmọ́fẹ́ ń wò wọ́n láti òdìkejì tábìlì, kò dá sí i.

Jóṣúà ló fi ọkọ̀ gbé e délé nírọ̀lẹ́. Wọ́n rìn gba Ring Road, wọ́n gba Bódìjà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀sì tó ń rí iṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo àti èyí tó ń wá a kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Nígbà tí wọ́n dé Agbowó, Olúdọ̀tun jáde wá, ó bèèrè ohun tó ń pa ìyàwó rẹ̀ lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

"Sámúẹ́lì..." Ọmọ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó nawọ́ sókè pé kí ọkọ òun ní sùúrù. Jóṣúà fun fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó yí padà sójú ọ̀nà. Olúdọ̀tun jókòó tì í, ó sì ń dúró.