Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Mu Omi?

Safourath ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Èmi kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é. Lọ́dún yìí ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ gba àfonífojì àárín òkè dé Savalou, bí ìyá wọn ti máa ń gbà á nígbà tí alùpùpù kò tíì pọ̀. Inoussa, ọkọ mi, ní kí ó jẹ́ kí ààwẹ̀ parí ná.

"Kí ààwẹ̀ tó parí, òjò lè ti dé, kí omi sì kún ibẹ̀," ni ó fèsì. "Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, àbúrò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú ọkọ mi di ẹrù. Alùpùpù gbé wa kọjá Atokoligbé títí dé ibi tí kò lè wọ̀ mọ́. A gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì náà. Iyanrìn àti òkúta nìkan ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. A fi ẹ̀kọ àti àkàrà ṣínu, a tẹ́ ẹní sórí iyanrìn. Eyínfúnjowó ń sọ bí Inoussa ṣe máa ń sunkún ẹ̀kọ nígbà èwe, a sì ń rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé wa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn sààrì, ọ̀nà dùn títí oòrùn fi kàtàrí. Òkúta ọ̀tún ń jó wa, tòsì ń jó wa. Mo bojú wo Eyínfúnjowó. Ètè rẹ̀ ti là, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Tí ó bá ṣubú níbí, ta ni yóò gbé e jáde?

"Ẹ mu omi," ni mo wí. "Ọlọ́run yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò. Ẹ ó san án padà tí ẹ bá délé."

"Inoussa tí mo pọ̀n lẹ́yìn kò tíì mu, èmi ni kí n mu?"

Mo wo ọkọ mi. Òun náà ti fẹ̀yìn ti òkúta, ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ẹ̀gbọ́n mi ń gbààwẹ̀," ó ní, "èmi ni kí n ṣínu?"

Èmi náà ti ń sọ ọ́ nínú ara mi láti àárọ̀ pé ìtìjú ni kí ìyàwó mu omi ṣíwájú àwọn méjèèjì. Mo jókòó, mo ṣí ike omi, mo bu ife kan, mo mu ún tán lójú wọn. Mo tún bu òmíràn.

"Ẹ wo ẹni tí a fẹ́ wá sílé," ni Eyínfúnjowó wí.

"Ẹ mu tiyín tán, kí ẹ tó máa bú mi."

Ó gba ife náà. Ó mu ún, ó sì tún na ife sí mi. Inoussa kọjú sí òkúta pẹ̀lú ike kejì kí a má baà rí i, ṣùgbọ́n à ń gbọ́ bí omi ṣe ń gba ọ̀fun rẹ̀ lọ.

"Rọra," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kò sí ẹni tó ń lé ọ."

A jókòó sábẹ́ òjìji òkúta títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tí a gbéra, àwọn méjèèjì ní kí n bọ́ sẹ́yìn, pé ẹni tó ṣínu kì í ṣíwájú aláàwẹ̀. Àwa mẹ́ta la jọ ṣínu, àmọ́ mi ò jiyàn. Mò ń wo gìgísẹ̀ Eyínfúnjowó níwájú, bí ó ṣe ń gun òkúta lọ síhà Savalou.