Bí Ọ̀gá Sítọ̀ Ṣe Ti Ajá Mọ́lé

Ọ̀gá Sítọ̀ kì í ju nǹkan nù. Sítókípà ló jẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe páìpù, títí wọ́n fi ní kó lọ sinmi. Òun lọ sinmi lóòótọ́, àmọ́ sítọ̀ ò sinmi nínú ẹ̀. Ìṣó tó bá tẹ̀, á nà án, á tọ́jú ẹ̀. Garawa ọ̀dà tó bá tán, á fọ̀ ọ́, á dojú ẹ̀ dé. Gbogbo ohun tó bá sì ṣẹ́kù nílé, ẹ̀yìnkùlé ló ń tò ó sí, kó fara ti ògiri ọgbà tó wà létí títì: èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lókè, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ ètè síta díẹ̀ kí ojú lè rí i kà láìfọwọ́ kàn án. "Bí wọ́n ṣe ń to ẹrù nìyí," ló máa ń wí, á fọwọ́ sẹ́yìn, á yọ ikùn síwájú. "Ẹni tí ò bá ṣe sítọ̀ rí, kò lè yé e."

Ìyàwó ẹ̀ ò ṣe sítọ̀ rí. Aṣọ ló ń rán. Tẹ́lẹ̀ ó ní ṣọ́ọ̀bù létí títì, ṣùgbọ́n baálé ní kó kó o wálé, kí ló ń wá kiri níta, ṣebí ẹni tó bá fẹ́ rán aṣọ á mọ ilé. Ìyá bá kó ẹ̀rọ sí yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Látìgbà náà, àfi bí òwú bá tán tàbí bí ẹnìkan bá kú, kì í rí ojú títì. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe gbà. Ó gbà ni.

Ọmọ wọn obìnrin ló fún un ní ajá, lọ́jọ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn. Ó gbé e wá nínú báàgì bí ẹni gbé búrẹ́dì. "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Á máa bá yín jókòó." Bàbá ló sọ ọ́ ní Ṣọ́lé, ó ní ajá tó bá ń gbọ́ iṣẹ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ ò ní gbàgbé. Ẹ̀yìn lajá ti máa ń gbọ́ orúkọ náà jù, nígbà tó bá ti ń sáré lọ.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ajá yìí ń bá ìyá jókòó. Abẹ́ ẹ̀rọ ló ń sùn, lórí àgékù aṣọ. Ìyá á fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀rọ, ajá á gbé imú lé ẹsẹ̀ kejì. Ohun tí ìyá ò lè sọ fún ọkọ, Ṣọ́lé ti gbọ́ ọ tán. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì bá ti jókòó ti oúnjẹ wọn, tí wọ́n ń ju eegun síbí síbẹ̀, ajá á dìde, á na ara, á bọ́ sẹ́yìnkùlé. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti wà níta.

Ọ̀gá Sítọ̀ kọ́kọ́ ní ògiri ló kúrú. Ó pe bíríkìlà, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kún un. Búlọ́ọ̀kù ṣẹ́kù. Ibo ló tò ó sí? Ẹ ṣáà ti mọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ajá gun búlọ́ọ̀kù, ó fò.

Ó ní á à, pákó lọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́. Ó kan pákó mọ́ orí ògiri láti igun kan dé ìkejì, èyí tó ṣẹ́kù, ó tò ó lé búlọ́ọ̀kù lórí, ó dọ́gba bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ajá gun búlọ́ọ̀kù, ó gun pákó, ó fò. Ó ní páànù ló kù. Wọ́n kan páànù. Páànù ṣẹ́kù. Ó kun gbogbo ẹ̀ ní ọ̀dà, garawa ọ̀dà ṣẹ́kù, ó dojú garawa dé sórí páànù. Bí ògiri ṣe ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń ga tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ sì ni ara Ṣọ́lé ń yá sí i. Ìyá nìkan ni ara ò yá. Ògiri ti bo oòrùn mọ́ ọn lójú, ó di kó máa tan iná lọ́sàn-án gangan kó tó lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ó kúkú rí gbogbo ẹ̀ látojú fèrèsé. Ṣé ẹni tó ń rán aṣọ, tó mọ ibi tí ojú rírán ti sọ nù, ni ò ní mọ ibi tí ajá ń gbà? Lọ́jọ́ kan, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ, ó dúró.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ẹrù tí ẹ tò ti ògiri yẹn."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Orí wọn lajá ń gbà."

Ọ̀gá Sítọ̀ rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín fọ́mọdé tó ní òun fẹ́ wa ọkọ̀. "Ìwọ, gbájú mọ́ aṣọ ẹ. Gbogbo ayé mi ni mo fi to ẹrù. Ọ̀kan ṣubú rí? Eku gba orí ẹ̀ rí?"

"Ajá kì í ṣe eku."

"O ti wá fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ báyìí!" Ó na ọwọ́ sí omi. "Ògiri ò tíì ga tó ni. Má dá mi lóhùn."

Ìyá padà sídìí ẹ̀rọ ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ì bá dúró sórí yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Ṣọ́lé já lu títì, ọkùnrin kan tó gun alùpùpù yẹra fún un, ó ṣubú, orúnkún ẹ̀ bó yánnayànna. Alága àdúgbò wá sílé. Onígbàjámọ̀ ni, ohùn ẹ̀ kì í lọ sókè, bó bá fẹ́ gé ẹ létí gan-an, jẹ́jẹ́ ni á sọ fún ẹ.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, a ò bá tìjà wá. Àmọ́ bí a bá tún rí ajá yìí níta láìsí okùn lọ́rùn ẹ̀, káńsù la máa pè. Ẹ sì mọ̀ pé ajá tí káńsù bá ti gbé, ó lọ nìyẹn."

 Ìyá wo abẹ́ ẹ̀rọ, ó rí imú dúdú yẹn lórí àgékù aṣọ, ó ronú yàrá yẹn láìsí nǹkan mìíràn tó ń mí nínú ẹ̀ àfi òun. Ohun tí yóò sì wí fún ọmọ ẹ̀ nígbà tó bá pè, tó bá ní, "Màmá, Ṣọ́lé ńkọ́?" Ẹ̀rù bà á gidigidi.

"Bàbá," ó ní, bí alága ṣe jáde, "wọ́n ní láìsí okùn. Tó bá lókùn ńkọ́? Mo lè máa mú un jáde nírọ̀lẹ́, kó jẹ eegun ẹ̀, ká padà wálé."

"Jáde lọ síbo?" Ọkọ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Kí wọ́n máa rí ìyàwó mi tó ń tẹ̀lé ajá kiri títì? Kí wọ́n lè sọ pé Ọ̀gá Sítọ̀ ò lè ti ẹ̀yìnkùlé ara ẹ̀? O ò ní tì mí lójú nílùú yìí."

Bẹ́ẹ̀, ojú ti tì í tẹ́lẹ̀. Òun nìkan ni ò mọ̀.

 Nígbà tí bàbá ń sun oorun ọ̀sán, ìyá ká aṣọ ẹ̀ sókè, ó ru búlọ́ọ̀kù, ó ru pákó, ó kó gbogbo ẹ̀ sáàárín àgbàlá. Ẹ̀yìn ń ro ó. Ọ̀gá Sítọ̀ jí, ó rí i, ó kígbe débi tí àwọn mẹkáníìkì fi gbọ́: "Ta ló tú sítọ̀ mi?" Kó tó di alẹ́, ó ti tò ó padà sídìí ògiri, ó tiẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, ìyá ò fọwọ́ kan ẹrù mọ́. Ó kó àwọn àgékù kọ́tìnì tó nípọn jọ, ó ń rán nǹkan kan lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná, ó rán an ní àránpadà, ó fà á wò, ó tún rán an. Ọkọ ẹ̀ ò bèèrè. Kí ló kàn án pẹ̀lú aṣọ?

Òun ń kọ́ ògiri. Ó tún fi páànù mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀, ó wá pe alága àti àwọn àgbà àdúgbò nírọ̀lẹ́ Sátidé pé kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i pé ọ̀rọ̀ ajá ti parí. Àwọn mẹkáníìkì ò gba ìwé ìpè o, wọ́n kàn wá dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀gá Sítọ̀ wọ ẹ̀wù tó fi gba ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì. Ó kẹ́yìn sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo nǹkan ló ní ètò. Iṣẹ́ tí mo ṣe nìyí kí n tó sinmi. Ohun tí mo bá ti tì mọ́lé, ó tì nìyẹn. Kódà eṣinṣin..."

Oúnjẹ ti ń ta sánsán láti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ṣọ́lé jáde látabẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá, tó wà lójú fèrèsé, ké mọ́ ọn, "Ṣọ́lé, rárá, wá!" Taa ló gbọ́? Ajá na ara. Ó gun búlọ́ọ̀kù. Ó gun pákó. Ó gun páànù, páànù dún gbàà. Ó gun garawa, ó dúró lórí ògiri níbẹ̀, ó wo ìgbìmọ̀ àdúgbò bí ẹni ń dúpẹ́ wíwá wọn, ó fò.

"...kódà eṣinṣin ò lè kọjá níbí kí n má mọ̀," ni Ọ̀gá Sítọ̀ wí.

 Alága wo ògiri, ó wo búlọ́ọ̀kù, ó gba ibẹ̀ wo òkè díẹ̀díẹ̀ títí ojú ẹ̀ fi dé garawa.

"Ọ̀gá," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri yìí ga lóòótọ́. Àtẹ̀gùn ẹ̀ ló wá wù mí jù."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu géètì. Àwọn kan di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Ọ̀gá Sítọ̀ yíjú wo ẹ̀yìn, ó sì rí ohun tí gbogbo ayé ti rí. 

Ẹ̀rín ò pa alága. Ó ti mú fóònù jáde. "Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Káńsù la máa pè."

Ìyá jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Kò wọ bàtà. Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, okùn kọ́tìnì tó fi ọjọ́ gbogbo rán wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó gba àárín àwọn àgbà kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jáde ní géètì, ó sọdá títì. Ṣọ́lé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, eegun lẹ́nu. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Ó dìde, ó kọjú sí alága tó ti tẹ̀lé e dé etí títì.

"Ẹ ní láìsí okùn, Alága. Okùn rèé."

"Ta ni á máa mú un jáde, Ìyá Aránṣọ?"

"Èmi ni. Lójoojúmọ́."

Alága wò ó, ó fa okùn wò bí ẹni ń dán aṣọ wò, ó ti fóònù padà sápò. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ẹlòmíràn á ní kóun máa padà sílé. Ìyá náà rò ó. Ṣùgbọ́n ajá fa okùn sápá ọ̀tún, síbi tí títì ti lọ gbọọrọ, ẹsẹ̀ ìyá sì tẹ̀lé e. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á lójú, ó ṣẹ́jú. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ àtijọ́ rèé, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń fọ aṣọ. Ó pẹ́ tó ti rí i kẹ́yìn.

Níbi tó dé ló ti gbọ́ tí mẹkáníìkì kan pariwo lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ ọ́ tán:

"Màmá! Màmá, ẹ wẹ̀yìn o! Òmíràn tún fẹ́ fò!"

Ìyá wẹ̀yìn. Orí Ọ̀gá Sítọ̀ ti yọ lókè ògiri. Kò lè gba ẹnu géètì, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ níbẹ̀ jù, ló bá gun búlọ́ọ̀kù, ó gun pákó, ó gun páànù, ó dúró lórí garawa nínú ẹ̀wù ìfẹ̀yìntì, ó fọwọ́ méjèèjì di ògiri mú.

"Ìwọ!" ó ké. "Ibo lò ń lọ? Ta ló ní kó o jáde?"

"Ẹ máa bọ̀, Bàbá!" Ìyá gbé ohùn sókè, kò mọ̀ pé òun ṣì ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. "Géètì ò tì! Ṣé ó tì rí ni?"

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara ẹ̀ sọ: géètì ò tì mọ́ òun náà rí. Ó dúró. Ojú ara ẹ̀ tì í, inú sì bí i, sí ọkùnrin yẹn, sí gbogbo ọjọ́ tó fi tan iná lọ́sàn-án. Ajá fa okùn. Ìyá fi etí téèpù nu ojú, ó sì bá a lọ.