Ojú Tíṣà Lórí Ìpolówó

Bàbá rẹ̀ yọ sí i lójú kọ̀ǹpútà láàárín ìpolówó bàtà àti ti ìpara tó ń mú irun gùn. Akọ̀wé ti gbé ìka lé bọ́tìnnì kó tó mọ ẹni tó ń wò. Tíṣà, bàbá rẹ̀, jókòó sórí àga pupa kan tí kò sí nílé wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe bó ṣe máa ń tún un ṣe bí ọ̀rọ̀ gidi bá ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó wá ní:

"Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún mi. Mo ti dà á nù. Ìgò kan ṣoṣo lára omi egbò igi yìí ló sọ mí di ọ̀dọ́."

Tíṣà kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò lo oògùn ọdún mẹ́tàlá kankan. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀: ojú, ohùn, títí kan bó ṣe máa ń fa "ẹ̀yin ará ilé mi" gùn bí ẹni ń na rọ́bà.

Akọ̀wé dá ọwọ́ dúró. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá péré ló ní. Ilé iṣẹ́ tó ni òpó ayélujára tí gbogbo ayé ń lò lórí fóònù ló gbà wọ́n síṣẹ́, àwọn méjìlélógójì nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, pé kí wọ́n máa yẹ ìpolówó wò kó tó bọ́ sí gbangba. Bọ́tìnnì méjì ló wà níwájú kálukú wọn: Jẹ́ Ó Kọjá, àti Dá A Padà. Ẹni tó bá ń dá padà lemọ́lemọ́, orúkọ rẹ̀ á pọ́n roro lójú pátákó tó wà lára ògiri, gbogbo yàrá á sì rí i.

Ó tẹ Dá A Padà. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ìdí, ó kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Ojú olójú ni wọ́n lò." Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Tíṣà tún fi yọ lórí àga pupa rẹ̀. Akọ̀wé tún dá a padà. Nígbà tó máa fi yọ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá wọn ti dúró sí i lẹ́yìn.

Ọkùnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kíákíá ni wọ́n ń pè é tó bá ti kọ ẹ̀yìn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Kì í pe Akọ̀wé lórúkọ. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè é, á sì máa fi "ẹ̀yin" pọ́n ọn lé. Ṣùgbọ́n oyin ẹnu ọ̀bẹ ni ọ̀wọ̀ Kíákíá. Ẹni tó bá lá a ló máa mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni oníbàárà yìí fi ṣẹ̀ yín?"

"Bàbá mi nìyí."

Kíákíá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Ṣé bàbá tó ń bú wa yẹn ni bàbá yín?"

Ta ni kò mọ Tíṣà nínú yàrá yẹn? Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó ti tó ọdún méje tó ti ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ sójú ìwé kan lórí òpó wọn yìí kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbà ló sì ń kà á. Ará àtijọ́ ni, kò fi pamọ́. Ó kọ ọ́ pé ìjọba tó ń jẹ gbèsè lé orí ọmọ tí a kò tíì bí, olè ni, kódà bó wọ agbádá. Nígbà tí wọ́n gbé òfin jáde pé ìjọba ni yóò máa yan ohun tí òbí lè kọ́ ọmọ nípa ìwà, ó ní kí aṣòfin tó bá fẹ́ tọ́ ọmọ lọ bí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó dun àwọn ọ̀gá Akọ̀wé wọra ni èyí tó kọ nípa àwọn fúnra wọn. "Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bá ráyè bá sọ̀rọ̀," Tíṣà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, "ẹni tó ń polówó ọjà ni yóò bá a sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó mọ ìgbà tí o sùn àti ìgbà tí inú rẹ bà jẹ́, tí kò sì sí ìlú tó lè bi í léèrè, ọba tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹ ni." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti lẹ "ọ̀rọ̀ ìkórìíra" mọ́ ìwé rẹ̀ lára, tí wọ́n tì í sí kọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

"Irọ́ ni ìpolówó yìí," Akọ̀wé wí. "Ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè kú."

"Àwọn tó gbé e wá ló ń gbé ìpolówó ìdìbò ẹgbẹ́ tó wà lórí àlééfà wá. Ẹ fẹ́ ká lé wọn ní oṣù tí ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀?" Kíákíá fọwọ́ tọ́ èjìká rẹ̀. "Fọ́ọ̀mù wà fún ẹni tí wọ́n bá lo ojú rẹ̀. Kí Bàbá fúnra wọn kọ ọ́, kí wọ́n fi káàdì ìdánimọ̀ wọn tì í lẹ́yìn, wọ́n á gbọ́ èsì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́. Tiyín ni bọ́tìnnì, ẹ̀gbọ́n. Ìwádìí kì í ṣe tiyín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọjọ́ Ẹtì la máa mọ àwọn tí a ó tún gbà síṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ yín sì ti ń pọ́n. Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́."

Akọ̀wé ronú kan àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àti bàbá wọn tó ti bá tirẹ̀ lọ tí kò wẹ̀yìn mọ́. Ìyẹn ni ìdí tó lè sọ fún ènìyàn. Ìdí kejì wà tí kò lè sọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ náà wà lọ́dọ̀ Tíṣà, fóònù lọ́wọ́ wọn látàárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Tíṣà kọ ọ́ sójú ìwé rẹ̀ pé, "Ìyá tó ń fi fóònù rẹ ọmọ lẹ́kún, kó má wáá bú sẹ́kún lọ́jọ́ tí ọmọ ò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òwe tí a bá fi ẹni pa kì í ṣòro láti mọ̀. Àwọn ará ọ́fíìsì kà á sókè, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, Akọ̀wé sì bá wọn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú tó ń ta á.

*Òun náà kò ṣáà béèrè kó tó fi mí ṣe àpẹẹrẹ*, ọkàn rẹ̀ wí fún un.

Ó tẹ Jẹ́ Ó Kọjá. Ìpolówó ìbọ̀sẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Kò sọ fún Tíṣà. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bàbá òun kì í wo ìpolówó, pé pàǹtírí ojú pópó ló ń pè é, pé bóyá kò ní rí i láéláé. Bó bá sọ fún un, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni yóò jẹ́: ta ló jẹ́ kó kọjá? Ọjọ́ Ẹtì dé, wọ́n tún un gbà síṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò pọ́n mọ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógún tí ìpolówó náà ti bọ́ sí gbangba ni Tíṣà pè é lọ́sàn-án gangan. "Akọ̀wé, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi dé ilé ìwòsàn. Apá ọ̀tún rẹ̀ ò gbé mọ́."

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà kan ṣoṣo tó kù láyé ni Ìyá Aránṣọ. Nígbà tí òbí wọn kú, òun ló jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ títí Tíṣà fi di tíṣà. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó máa ń ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ àbúrò òun sí òun létí, á máa mi orí, á ní, "Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá mi! Kò parọ́ rí láti kékeré." Láìpẹ́ yìí, ó ti mọ bí a ṣe ń tẹ fídíò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé dé, Tíṣà ń bá nọ́ọ̀sì kan jà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n fi síbí láti tọ́jú wọn ni? Ọdún méjìdínlógún ni wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láìfi ọjọ́ kan jẹ!"

Nọ́ọ̀sì náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin àgbà ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì ní àánú láti fi ṣòfò. "Bàbá, ẹ má fi wá ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dà á nù. Àwọn ló jẹ́ ẹnì kẹrin tí wọ́n gbé wá fún wa lọ́sẹ̀ yìí nítorí ẹnu yín." Ó fa fóònù yọ nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sún mọ́ Tíṣà lójú.

*Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu mi rí.*

Tíṣà wo ara rẹ̀ títí fídíò fi parí. Ó ní kí nọ́ọ̀sì tún un tẹ̀.

"Ohùn mi nìyẹn," ó wí jẹ́ẹ́. "Ẹ̀rín mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n n ò sọ ọ́. Mo fi ìyá tó bí mi búra, n ò sọ ọ́."

"Ẹ sọ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì," nọ́ọ̀sì dáhùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Tíṣà yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ tó o wà níbẹ̀, ṣé wọn kì í yẹ nǹkan wò ni? Báwo ni irú èyí ṣe ń kọjá?"

Akọ̀wé lè parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti jinná. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí bẹ́ńṣì.

"Èmi ni, Bàbá. Ọ̀dọ̀ mi ló wá."

"O mọ̀ pé èmi kọ́ ni?"

"Mo mọ̀. Mo dá a padà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀ẹ̀mejì," Tíṣà tún un pè, bí ẹni ń fún ọmọ ilé ìwé ní máàkì díẹ̀ tó tọ́ sí i. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, kò gbé e padà sójú. "Ọdún méje ni mo fi ń kọ ọ́ pé àwọn èèyàn yẹn ò lójú. N ò mọ̀ pé ojú ọmọ mi ni wọ́n fi ń ríran."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Akọ̀wé kọ ọ́ sí gbangba ní orúkọ ara rẹ̀: "Bàbá mi kọ́ ló sọ ọ́. Ẹ̀rọ ni. Èmi ni mo jẹ́ kó kọjá, ọ̀gá mi ló sì ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sórí oògùn tí dókítà kọ fún yín." Ìpolówó náà ti wà níta fún odindi ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé kò pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá kí wọ́n tó pa á rẹ́. Wọ́n ní ó tú àṣírí iṣẹ́.

Kíákíá pè é. Lọ́tẹ̀ yìí, kò pè é ní ẹ̀gbọ́n. "O ti ba tìẹ jẹ́. Má wá síbí lọ́la."

Lọ́jọ́ kejì, ìwé dé sí Tíṣà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ti fẹjọ́ rẹ̀ sùn lórí òpó náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, ilé iṣẹ́ sì ti gbọ́ ẹjọ́ wọn kíá. Wọ́n ti ti ojú ìwé rẹ̀ pa títí láé, gbogbo ohun tó kọ fún ọdún méje ló sì bá a lọ, *nítorí pé ẹ ń tan irọ́ tó lè pa ènìyàn lára ká nípa ìlera*. Lábẹ́ ìkéde náà gan-an, lójú fóònù kan náà, ìpolówó omi egbò ṣì ń lọ.

Tíṣà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní kí Akọ̀wé gbé abọ́ oúnjẹ, wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyá Aránṣọ ti lajú. Tíṣà bu ìrẹsì rírọ̀ sí ṣíbí, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù díẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

Obìnrin náà pa ẹnu dé. Ó fi ojú kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ wò ó, ó wá yí orí sí ògiri.

"Ẹ̀rọ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́."

"O… ohùn rẹ," ahọ́n rẹ̀ tó wúwo gbé e jáde díẹ̀díẹ̀. "Mo… mọ ohùn rẹ."

Akọ̀wé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bú sẹ́kún. "Ìyá, èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ má bínú sí Bàbá, èmi ni."

Ìyá Aránṣọ wò ó tìyanutìyanu. Bọ́tìnnì tí òun mọ̀, ara aṣọ ló máa ń wà. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó kù, ó fi pa ọmọ náà lórí, bí ẹni ń rẹ ọmọ tí wọ́n jẹ níyà láìṣẹ̀. Ó wá la ẹnu, ó ń dúró de oúnjẹ lọ́wọ́ Akọ̀wé.

Akọ̀wé bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀.

Tíṣà gbé ṣíbí náà lé e lọ́wọ́. "Fún un," ó wí. "Má jẹ́ kó tutù." Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó láàárín àwọn tó ń dúró de ti wọn, àwọn méjì tó mọ ojú rẹ̀ sì dìde kúrò lórí bẹ́ńṣì náà.