Kókó Idẹ Orí Bẹ́ẹ̀dì Ìyá

Yàrá náà kò nílẹ̀, odò ni wọ́n kọ́ ògiri yí ká, omi rẹ̀ kò sì ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀dì onírin ìyá Mosúnmọ́lá wà láàárín rẹ̀. Ìyá náà, tí wọ́n ti sin láti ọdún tó kọjá, jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká ẹsẹ̀ sókè kí omi má baà kàn wọ́n. Kókó idẹ mẹ́rin tó wà lórí òpó bẹ́ẹ̀dì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mosúnmọ́lá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú abọ́, ó sì fa àpótí kan tó léfòó mọ́ra, ó jókòó lé e. Lójú àlá, èèyàn kì í bi àpótí bó ṣe mọ odò wẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ní gbogbo ìgbà àìsàn wọn ìkẹyìn. Ẹni tó bí i, tó ń pè é ní Àwẹ̀ró láti kékeré, ló sọ ọ́ di nọ́ọ̀sì, òun náà sì ń jẹ́ ẹ. Ó dùn ún wọra. Àwọn àgbà ilé wọn ti lọ tán, kò sí ẹni tí yóò tún pè é ní oríkì rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó sì dá a lójú pé bí idẹ wọ̀nyí bá dán, yóò gbọ́ ọ.

Ó la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, ó tẹ ojú rẹ̀ bọ iyọ̀, ó sì fi ń ha kókó kìíní.

"Iyọ̀ yẹn ń ta mí lójú," ni kókó náà wí. "Má sì jẹ́ kí ọsàn pẹ́ lára mi o, màá pọ́n."

"Ṣé ẹ̀yin náà lójú ni?"

"O ò tíì fọ̀ ọ́ débẹ̀ ni."

Ó ṣàn án lómi, ó fi àkísà nù ún, ó sì dán. Gílóòbù iná tó wà lókè àjà di àtùpà. Èjìká ìyá rẹ̀ kún, ojú wọn là.

"Ìyá Gbọ́láhàn," ni wọ́n wí, "ta ló gbé mi sínú omi?"

Inú Mosúnmọ́lá dùn. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọn nìyẹn.

Ọsàn kò ran kókó kejì. Ó po eérú mọ́ tòmátì tó ti rọ̀, ó kùn ún, ó fi í sílẹ̀ díẹ̀, kó tó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Odò náà gbẹ, ó di ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa. Ewú kúrò lórí ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba kókó náà, wọ́n yí i wò.

"Ṣé o fọ inú ihò rẹ̀ báyìí? Ibẹ̀ lèmi máa ń wò."

Ó fọ inú ihò. Ó fọ ẹ̀kẹta náà, ó sì fi àdín pa á. Ìyá rẹ̀ di abiyamọ, omi ọyàn sì rin bùbá wọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Mo mọ ojú yìí. Orúkọ kan wà tí mò ń pè ọ́, ó ti dé ẹnu mi. Dúró. Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó ń retí. Ṣùgbọ́n kókó kẹrin wúkọ́ nínú abọ́.

"Èmi ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀ yìí kan náà ló ti fi pàṣán kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ gidi kì í ṣiṣẹ́ àbọ̀. Kò lè rí mẹ́ta tó ń dán kó fi ọ̀kan sílẹ̀ ní dúdú. Ó ní òun á kàn fọwọ́ bà á díẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti ń kọ mànà.

Nígbà tó gbójú sókè, ọmọbìnrin kékeré kan tó kó irun ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé wa?"

Mosúnmọ́lá sún mọ́ ọn.

"Ṣé o mọ̀ mí?"

"Rárá, mà."

"Àwẹ̀ró ni mí. Pè mí bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà mi orí. "Màmá mi ní ọmọdé kì í pe àgbà lóríkì."

Òótọ́ ló sọ. Mosúnmọ́lá bu eérú, ó fi ń pa idẹ náà kó lè padà dúdú, ṣùgbọ́n ṣe ló túbọ̀ ń dán. Ó ju àkísà sílẹ̀, ó sì sunkún. Bí ọmọ náà ṣe rí i tó ń sunkún, òun náà bú sẹ́kún.

Mosúnmọ́lá mọ oríkì ọmọ yìí. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn nìkan ló ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ tó ti dáyé, nítorí ta ló bí i tí yóò pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, òun ni àgbà. Ó nu ojú rẹ̀.

"Àbẹ̀jẹ́," ó pè é jẹ́jẹ́. "Àbẹ̀jẹ́ mi."

Ọrùn ọmọ náà nà, ẹkún rẹ̀ sì dá.

"Mà," ó dáhùn.

Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, wọ́n sì jáde lọ wá ilé.