Ohùn Tó Wà Láàárín

Àbúrò ò tilẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa kó tó na sídíì sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ ohùn yín kúrò nínú orin yìí. Èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí."

Ẹ ò rí ojú tí kò mọ ìtìjú! Látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ní ọ̀fun ẹ̀gbọ́n, ohùn tó kù fún un ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí lọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún orin ṣe ló fi ń jẹun. Sídíì yìí nìkan ló sì kù tí orin rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti sídíì náà bọ kọ̀ǹpútà, ó da orin inú rẹ̀ sí i. "Ṣé ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà?" àbúrò béèrè.

Ẹ̀gbọ́n fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò gba sídíì náà, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì lórí orúnkún.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wá wéra lóde tí mo ti fẹ́ kọrin ní Sátidé. Ẹ má bínú, tiyín ti kọjá."

Ó dun ẹ̀gbọ́n wọra. Ó dojú kọ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ò le. Apá ọ̀tún àti apá òsì ni orin ń gbà jáde. Èèyàn á dorí apá kan kodò, á pa méjèèjì pọ̀, ohun tó bá wà láàárín, tó ń gba apá méjèèjì jáde bákan náà, á sì pa ara rẹ̀ rẹ́. Àárín ni wọ́n fi ohùn ẹ̀gbọ́n sí lọ́jọ́ tí wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Àbúrò tó ń gbè é, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi í sí.

Ẹ̀gbọ́n fi èyí tí kò lóhùn rẹ̀ mọ́ rọ́pò ti àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kò fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Ó wá tẹ orin náà kó dún.

Gìtá wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun, ó ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé orin bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀.

"Ta ni aláìmọ̀ọ́kọ yìí?"

"Ìwọ ni. Èmi ni mo ti ń bò ọ́ láṣìírí."

Omi bọ́ lójú àbúrò. Wọ́n ti pín káàdì ìpè káàkiri. "Ẹ dákun, ẹ yọ tèmi náà."

"Kò ṣeé yọ. Ó ti wọnú gìtá."

"Ẹ dá tiyín padà nígbà náà. Mo bẹ̀ yín."

Ẹ̀gbọ́n wo àfọ́kù sídíì nílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sì ń ṣọ̀fọ̀ ohùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èyí tí o ṣẹ́ sí méjì lórí orúnkún," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ibo ni kí n ti rí i?"

Ó sì tún orin náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.